MPA ni àbí MPP? Fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ padà sí kíláàsì láì fi iṣẹ́ sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń pèsè omi. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, n kì í fojú kan páìpù mọ́. Ètò ìṣúná, ìpàdé àti mẹ́mò ni mo ń bá yí. Mo fẹ́ gba oyè másítáàsì nínú ìlànà ìjọba àti ìṣàkóso, ṣùgbọ́n n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní MPA (Master of Public Administration, másítáàsì nínú ìṣàkóso ìjọba) ni kí n ṣe, àwọn kan ní MPP (Master of Public Policy, másítáàsì nínú ìlànà ìjọba) ló níyì jù. Ẹni ọdún 41 ni mí, ọmọ méjì wà lọ́rùn mi, ìṣirò sì ti ń sá fún mi. Ṣé kò ti pẹ́ jù? Èwo ni kí n yàn? Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi kí n tó gba fọ́ọ̀mù, àbí kí n dákẹ́ títí wọ́n á fi gbà mí wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò nílẹ̀, torí kò le. Nínú kíláàsì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ẹni ọdún 41 kì í ṣe àgbà, kì í ṣe ọmọdé. Mo ti kọ́ ẹni ọdún 26 rí, mo sì ti kọ́ ẹni tó ku ọdún mẹ́rin péré kó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì yẹn ló máa ń béèrè ìbéèrè tó ń mú mi làágùn. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní ètò MPA ọlọ́dún kan tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ti lo ọdún méje, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ti lo 11. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ MPA àti MPP ló gba ìjókòó. Orúkọ méjèèjì kò bá ara wọn dáyé, ohun tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ní 1887, Woodrow Wilson, tó ṣì jẹ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan tó fi jà fún un pé ìṣàkóso ìjọba yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ tó dá dúró: kí àwọn olóṣèlú pinnu ohun tí ìlú ń fẹ́, kí àwọn tó mọṣẹ́ wá ṣe é bó ṣe yẹ. Inú irú èrò yẹn ni MPA ti jáde. Yunifásítì Syracuse ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ilé ẹ̀kọ́ Maxwell tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò tíì yí padà títí dòní: wọ́n ti ní ká ṣe é, ta ni yóò ṣe é, owó wo ni yóò fi ṣe é, òfin wo ló fún un láyè, báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣe é?

MPP jẹ́ àbúrò. Ní 1965, Ààrẹ Johnson pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa fi ìṣirò gbé ètò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn kí wọ́n tó béèrè owó, bí ilé iṣẹ́ ètò ààbò ti ń ṣe ṣáájú. Àṣẹ yẹn kò ṣòroó pa. Àwọn tó mọ ìṣirò náà ni wọn ò pọ̀. Àwọn yunifásítì rí àyè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé ẹ̀kọ́ ìlànà ìjọba sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ti Berkeley bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ìbéèrè tiwọn máa ń ṣáájú ti MPA: ṣé ó tilẹ̀ yẹ ká ṣe é? Bí ọ̀nà mẹ́ta bá wà, èwo ló máa ran ènìyàn púpọ̀ jù lọ́wọ́ lórí iye owó kan náà, ẹ̀rí wo la sì ní?

Ìtàn nìyẹn. Lóde òní, àwọn méjèèjì ti wọnú ara wọn débi pé orúkọ tó wà lára ìwé ẹ̀rí lè ṣi ènìyàn lọ́nà. MPA kan wà tí ìṣirò inú rẹ̀ pọ̀ ju ti MPP mìíràn lọ. Torí náà, ẹ pa orúkọ tì, ẹ béèrè àwọn kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan. Ẹ ka iye tó dá lórí òǹkà, bíi statistics, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti ìgbéléwọ̀n ètò. Ẹ tún ka iye tó dá lórí ènìyàn àti ilé iṣẹ́, bí ìṣàkóso òṣìṣẹ́, ètò ìṣúná, òfin ìṣàkóso àti iṣẹ́ aṣáájú. Ibi tí òṣùwọ̀n bá tẹ̀ sí ni orúkọ rẹ̀ gan-an.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ bi ara yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá délé lálẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń bí yín nínú, kí ló máa ń bí yín nínú níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n pinnu gan-an ni kò tọ́, pé iye tí wọ́n bù lé omi ń ni aláìní lára tó sì ń gbè sẹ́yìn olówó, MPP ni ọkàn yín ń wá. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n pinnu dáa, gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí i, ó wá kú sójú ọ̀nà, MPA ni. Nínú lẹ́tà yín, ẹ dárúkọ ètò ìṣúná, ìpàdé àti mẹ́mò. Ẹ ò sọ gbólóhùn kan pé ètò náà fúnra rẹ̀ burú. Mo fura pé MPA ni tiyín, irú èyí tí kì í sá fún òǹkà. Ní ti pé MPP ló níyì jù, n kò tíì rí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iyì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ètò tó ń kú sójú ọ̀nà yìí, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà máa dùn mọ́ yín.

Ní 1966, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa ná mílíọ̀nù 23 dọ́là ní ìlú Oakland láti pèsè iṣẹ́ bí 3,000, pàápàá fún àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ètò náà dùn létí oníkálukú. Owó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ tó ti inú rẹ̀ jáde kò tó nǹkan kan lára ohun tí wọ́n ṣèlérí. Àwọn olùwádìí méjì, Jeffrey Pressman àti Aaron Wildavsky, tọ ọ̀rọ̀ náà láti orí dé ìdí, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lé e lórí ní 1973. Wọn ò wá ọ̀daràn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ka gbogbo ibi tí ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbà kí iṣẹ́ tó lè sún síwájú. Ó jẹ́ 70.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò yín. Ká ní ní ibi kọ̀ọ̀kan nínú 70 yẹn, ìgbà 99 nínú 100 ni wọ́n máa ń gbà. (Ẹ̀ka ìjọba tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi wá a, màá lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.) Ẹ wá sọ 0.99 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ títí tó fi máa pé àádọ́rin. Ohun tẹ́ ẹ máa rí kò pé 0.5. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ yẹn, ikú ètò náà ṣì súnmọ́ ju ìyè rẹ̀ lọ. Ká wá ní ìgbà 95 nínú 100 ni wọ́n ń gbà: ó já sí 0.03, kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tó jókòó síbi ìpàdé ìfilọ́lẹ̀ rí ẹ̀fà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ sílé.

Ohun tí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso máa kọ́ yín láti ibẹ̀ ju pé kẹ́ ẹ máa bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n tètè fọwọ́ sí ìwé. Ó máa kọ́ yín láti dín ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i kù nígbà tí ètò ṣì wà lórí bébà. Ẹ lọ mú fáìlì iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ ti ṣe rí, ẹ ka ibuwọ́lù inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tí omi dé ẹnu ẹ̀rọ. Bí iye tẹ́ ẹ kà bá yà yín lẹ́nu, tó sì ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ tún ka ti fáìlì kejì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ másítáàsì yín láì san kọ́bọ̀.

Èyí ló gbé mi dé ohun tí mo ní í sọ fún yín gan-an. Ẹ sọ ọ́ bíi pé iṣẹ́ yín ni ìdíwọ́, pé ì bá dáa ká ní ẹ lè fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ kàwé dáadáa. Mo rò ó sí òdìkejì. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, iṣẹ́ yín ni ìdajì kíláàsì. Ẹni tó fi í sílẹ̀ ti fi ìdajì ìwé rẹ̀ sílé.

Ní sáà kan, mo ní kí kíláàsì mi kọ mẹ́mò ojú ewé méjì lórí bí ẹ̀ka kan ṣe lè dín àkókò tí àwọn ènìyàn fi ń tò kù níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, tó mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣe àwòrán ìlà mẹ́rin, ó ní kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ méjì sí i. Obìnrin kan tó ti jókòó nídìí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ kọ ojú ewé kan péré. Ó ní ọjọ́ Ajé ni ìlà máa ń gùn jù, torí ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé wà ní ìpàdé títí di ọ̀sán. Kí wọ́n gbé ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ìpàdé ló fà á, kì í ṣe pé ọjọ́ Ajé lèrò pọ̀. Ó dákẹ́. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lè fi hàn, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Mo pa wọ́n pọ̀ fún iṣẹ́ tó kù ní sáà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé èyí tí obìnrin yẹn kò ní ṣeé kọ́ ní sáà méjì. Ọdún mẹ́jọ ni ìkejì gbà.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lásán ló máa ń ti inú ọ́fíìsì jáde. Ní 1934 sí 1935, Herbert Simon, tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso pápá ìṣeré ìlú Milwaukee. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀ka tó ń rí sí iṣẹ́ òde ìlú ló jọ ń bójú tó wọn. Àwọn méjèèjì gbà lórí ohun tí pápá wà fún, kò sì jọ pé ọ̀kan fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ èkejì, síbẹ̀ ìjà owó kò tán láàárín wọn: ṣé kí wọ́n fi tún pápá ṣe, àbí kí wọ́n fi san owó àwọn tó ń darí eré àwọn ọmọ? Ohun tó rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ ènìyàn kò lè gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò tán. Apá tó bá wà lórí tábìlì tirẹ̀ ló fi ń pinnu. Èrò yìí ló fẹ̀ títí tó fi gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1978, ó sì dárúkọ pápá ìṣeré Milwaukee nínú àsọyé tó ṣe nígbà tó gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí omi, ẹ tún gbọ́ ti Elinor Ostrom. Ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà ní 1965 dá lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní gúúsù California, níbi tí àwọn tó ń fa omi ti fà á kọjá ààlà títí omi òkun fi ń wọlé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Nobel ti ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ní 2009. N kò ní kẹ́ ẹ máa wá Nobel o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ má fojú kékeré wo fáìlì tó wà níwájú yín.

Bí ẹ bá gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, yíyan ilé ẹ̀kọ́ yóò rọrùn. Ẹ yan èyí tó fún iṣẹ́ yín láyè láti wọ kíláàsì. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ yín ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ bi wọ́n bóyá iṣẹ́ àṣekágbá jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tòótọ́, àbí ìwé ìwádìí tí ènìyàn ń dá kọ nínú yàrá. Fún ẹni tó fẹ́ ka oyè ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ iwájú, ìwé ìwádìí dáa. Fún yín, àkọ́kọ́ ni mo máa yàn. Ẹ tún béèrè àwọn tó ń kọ́ni: ó yẹ kí ẹni tó ti ṣètò ìṣúná rí wà nínú wọn, kó má jẹ́ pé gbogbo wọn ló kàn kà nípa rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ràn ni pé, nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mélòó ló parí? Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ní ti ìwé àṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ NASPAA, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, tó máa ń yẹ ètò MPA àti MPP wò tó sì máa ń fọwọ́ sí èyí tó bá kúnjú òṣùwọ̀n. EAPAA ń ṣe irú rẹ̀ ní Yúróòpù. Ètò tí wọn ò tíì yẹ̀ wò lè dáa gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ ti fẹ́ kà á, ní ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ò lè dé, ẹ má ṣe fojú fo ìbéèrè yìí.

Àkókò wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, kì í ṣe ìdánwò. Kọ́ọ̀sì kan sábà máa ń gba wákàtí mẹ́ta ní kíláàsì lọ́sẹ̀, kíkà àti kíkọ rẹ̀ nílé sì máa ń tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Kọ́ọ̀sì méjì, wákàtí 18 lọ́sẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ wákàtí 40, ó di 58 kẹ́ ẹ tó fojú kan ọmọ. Wákàtí 18 yẹn kò sí lọ́wọ́ yín báyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ nǹkan kan. Mo máa ń gba àwọn tó bá bi mí nímọ̀ràn pé kí wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù: ẹ ya wákàtí 18 sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó, ẹ ka ohun kan tó le. Àwọn ará ilé yóò sọ fún yín lọ́jọ́ kẹrin bóyá ó máa ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kọ́ọ̀sì kan ní sáà kan kì í ṣe ìtìjú. Ó lè gba ọdún mẹ́rin dípò méjì. Nǹkan kan tún wà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kì í sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba: ẹ má ṣe gba kọ́ọ̀sì tó wúwo ní sáà tó bọ́ sí àsìkò tí ẹ̀ka yín ń ṣètò ìṣúná. Ẹ fi sáà yẹn gba èyí tó fúyẹ́ jù, tàbí kẹ́ ẹ sinmi.

Oríṣi kíláàsì mẹ́rin lẹ máa bá pàdé: ti ìrọ̀lẹ́, ti òpin ọ̀sẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó jọ sí ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì mẹ́ta, àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ìrọ̀lẹ́ dáa bí ọ́fíìsì yín bá ń parí lásìkò. Ti ọ̀sẹ̀ gbáko ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó wà nípò bíi tiyín, torí ọkàn kì í pín, àwọn tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ sì máa ń di ojúlùmọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láìsí àyè láti ọ́fíìsì. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò burú bí wákàtí kan bá wà tí gbogbo yín jọ ń pàdé ojúkojú lórí ẹ̀rọ. Èyí tó jẹ́ fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ nìkan, n kò fara mọ́ ọn. Ìdajì ohun tẹ́ ẹ máa rí kọ́ wà lẹ́nu ẹni tó jókòó tì yín, ẹni tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ilé ìwòsàn, tó máa sọ ìṣòro tirẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí i pé tiyín náà ni.

Ẹ ní ìṣirò ti ń sá fún yín. Ẹni tó ti ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Statistics àti ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ rọrùn ju èyí tẹ́ ẹ ti jẹ mì nígbà yẹn lọ. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo èyí: ká ní bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ páìpù kan lónìí, ó máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó mílíọ̀nù kan ní ọdún 20 sí ìsinsìnyí. Owó ọ̀la kì í tó owó òní. Mélòó wá ni mílíọ̀nù ọjọ́ iwájú yẹn tó lónìí? Bẹ́ ẹ bá fi ìdá 3 nínú 100 lọ́dún dín in padà, ó jẹ́ nǹkan bí 554,000. Bẹ́ ẹ bá fi ìdá 7 dín in, ó di nǹkan bí 258,000. Páìpù kan náà ni, omi kan náà ni. Òǹkà kan tí ẹnì kan mú láìpe ìpàdé ti jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bí owó tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 400,000, òǹkà yẹn nìkan ló máa pinnu bóyá ètò yín yè tàbí kú. Ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí máa fi kún un ni pé ẹ máa mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó mú ìdá 7 àti ìdí tó fi mú un.

Ohun tí mo rí tó ń dá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dúró ni ìwé kíkọ. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ti kọ́ yín láti to àlàyé lẹ́sẹẹsẹ kẹ́ ẹ tó dé ìdáhùn. Ẹni tó máa pinnu ń ka ojú ewé kan, ó sì ń kà á lójú ọ̀nà ìpàdé mìíràn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kìíní. Ìdí àti ohun tó lè bàjẹ́ yóò tẹ̀ lé e. Ẹ máa kọ irú mẹ́mò bẹ́ẹ̀ títí ó fi máa sú yín. Ìkejì ni pé ìṣòro omi nínú ẹ̀rọ ní ìdáhùn kan; ìṣòro omi nínú ìlú ní mẹ́rin, ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dùn mọ́ sì yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan kì í dárí ji ẹ̀kọ́ yìí fún ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ nìkan lẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ lọ ka ìwé ìlànà iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ wo bóyá wọ́n tilẹ̀ ń ka oyè yìí kún. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé lo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tirẹ̀, ENA, láti 1945 títí ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan, INSP, fi rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Níbi tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá wà, ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn lọ gbà lóde lè má ṣí ilẹ̀kùn kan náà. Bó bá jẹ́ ọgbọ́n kan ṣoṣo lẹ nílò, bíi bí wọ́n ṣe ń ra ọjà fún ìjọba, kọ́ọ̀sì kúkúrú oṣù mẹ́ta ti tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ dá òwò sílẹ̀, ẹ wo MBA, másítáàsì nínú ìṣàkóso òwò.

Owó: bí ilé iṣẹ́ yín bá máa san án, wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹ máa sìn wọ́n fún iye ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lọ ní ìdajì ọdún yẹn, ṣé gbogbo owó lẹ máa dá padà ni, àbí ìdajì? Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ẹ̀ka mìíràn ńkọ́? Bí ẹ kò bá parí ẹ̀kọ́ nítorí pé iṣẹ́ wọn ló pọ̀ jù, ta ló jẹ ta?

Nǹkan kan wà tí mo ti rí tó da omi tútù sí iṣẹ́ àṣekágbá tó dára. Fáìlì yín kì í ṣe tiyín. Mo ní kẹ́ ẹ mú iṣẹ́ wá sí kíláàsì. Mi ò ní kẹ́ ẹ mú orúkọ àwọn oníbàárà, iye tí agbaṣẹ́ṣe kọ sínú ìwé tí wọn ò tíì ṣí, tàbí ìwé tí wọ́n kọ àṣírí sí lára. Ẹ gba àyè lákọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lo dátà ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ sì pa orúkọ rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan parí gbogbo ìwádìí rẹ̀ kó tó lọ béèrè. Wọ́n ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti òkè.

Èyí ló dáhùn ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kẹ́ ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹ nílò àkókò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ nílò dátà, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ nílò lẹ́tà ẹ̀rí rẹ̀. Bó bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó máa rò pé ẹ ń múra àtilọ. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ẹ mú ìṣòro kan tó ń dùn ún lọ́wọ́, bóyá owó omi tí kò wọlé tàbí iṣẹ́ páìpù tó ti falẹ̀ fún ọdún méjì, kẹ́ ẹ ní òun lẹ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ìṣòro yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi béèrè àyè ní ilé ẹ̀kọ́. Àwa tá a máa ń ka lẹ́tà wọ̀nyẹn ti gbọ́ "mo fẹ́ sin ìlú mi" títí etí wa fi kún. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í béèrè GRE, ìdánwò ìwọlé fún másítáàsì, lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, torí náà lẹ́tà yẹn ló máa gbé yín wọlé.

Bí ọ̀gá yín bá kọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ ṣì wà, kò sì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn máa fi iṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe àṣekágbá. Bó bá gbà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ mẹ́mò kúkúrú: ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wà ní kíláàsì, dátà tẹ́ ẹ máa lò, ẹni tó máa di iṣẹ́ yín mú. Ẹ jẹ́ kó buwọ́ lù ú, kó kọ déètì sí i, kí ẹ̀dà kan wọ fáìlì yín, kí ẹ̀dà kejì wà nílé. Wọ́n lè gbé ọ̀gá yín kúrò kẹ́ ẹ tó dé sáà kejì.